Ṣé Ó Pọn Dandan Kí A Máa Ya Pàǹtírí Ilé Sọ́tọ̀ọ̀tọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wolé-wolé. Wọ́n ní kí a máa ya pàǹtírí wa sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ akólẹ̀ kan ṣoṣo ló ń kó gbogbo rẹ̀ papọ̀ lọ. Ìgbà wo ni irú àṣẹ yìí bẹ̀rẹ̀, ṣé ó sì wúlò? (Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan, Kétu, Èkó)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Àṣẹ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1884, Eugène Poubelle, tó ń ṣàkóso àgbègbè Paris nílẹ̀ Faransé, pàṣẹ pé kí gbogbo onílé pèsè ohun ìdalẹ̀sí tó ní ìdérí, kí wọ́n sì ya ìdọ̀tí sí mẹ́ta: èyí tó ń jẹrà lọ́tọ̀, bébà àti àkísà lọ́tọ̀, àfọ́kù àwo, ìgò àti ìkarahun lọ́tọ̀. Àwọn tó ń fi àkísà ṣíṣà jẹun fárígá, torí wọ́n rí i pé oúnjẹ ń bọ́ lẹ́nu àwọn. Ohun ìdalẹ̀sí náà dúró, ṣùgbọ́n yíyà sọ́tọ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, àdánù ńlá gbáà ni mo sì ka ìyẹn sí. Ṣáájú èyí, ní 1874, ìlú Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná sun ìdọ̀tí tirẹ̀ nínú ààrò ńlá. Nígbà tó sì di 1937, ìlú Fresno ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ri ìdọ̀tí sínú kòtò, tí wọ́n ń fi yẹ̀pẹ̀ bò ó lójoojúmọ́. Ọ̀nà méjèèjì dín òórùn àti eku kù, ṣùgbọ́n wọn kò dá ohunkóhun padà fún ìlò.

Ààtàn ẹ̀yìnkùlé ti tó fún àwọn bàbá wa, nítorí pé ewé, eérú àti èèpo iṣu tí wọ́n ń dà síbẹ̀ ń di ilẹ̀dú. Ọ̀rá àti ike kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Ìjọba Èkó dá àjọ ìkólẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, òun ló di LAWMA ní 1991. Ní ọdún kejì ni wọ́n ṣí ààtàn Olúsosùn ní Ọjọ́ta, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti ń dà pọ̀.

Ìdàpọ̀ yìí gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́. Bí epo ọbẹ̀ bá ti wọ inú páálí, kò ṣeé fi ṣe páálí tuntun mọ́. Bí oúnjẹ bá jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ó ń mú gáàsì tó ń gbiná jáde, èyí ló sì ń mú kí iná ààtàn ṣòroó pa, irú èyí tó jó ní Olúsosùn ní oṣù kẹta ọdún 2018. Bẹ́ẹ̀, ike omi tó mọ́ ṣeé gé wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi ṣe òwú tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí. Yíyọ́ agolo alumíníọ̀mù kò sì gbà ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí wọ́n ń lò láti ṣe tuntun láti inú ilẹ̀.

Òótọ́ ni ẹ sọ nípa ọkọ̀ náà, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ kó àwọn ohun gbígbẹ fún un. Àpò méjì ti tó: ọ̀kan fún ohun tútù, ọ̀kan fún ohun gbígbẹ. Ẹ da omi inú ike nù, kí ẹ sì gbọn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà gbẹ. Láti 2012 ni ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Wecyclers ti ń gba irú wọn lọ́wọ́ àwọn ará ilé ní Èkó, tí wọ́n sì ń fún wọn ní nǹkan padà; àwọn tó ń ra irin àlòkù náà á ra agolo yín. Ní ti páálí ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì fi í síbi tí òjò kò ti ní pa á, torí èyí tó bá ti rin kì í níye lórí mọ́.