Kóró Ìbẹ́pẹ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Wá Ọmọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 32 ni mí, Mushin ni mo ń gbé, ó sì ti lé ní ọdún kan tí èmi àti ọkọ mi ti ń retí ọmọ. Ìyá ọkọ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ kan ní Ojúwoyè, ó sì fún mi ní kóró ìbẹ́pẹ àti orógbó tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n lọ̀ kúnná, kí n máa fi mu ẹ̀kọ gbígbóná láràárọ̀ kí ilé ọmọ mi lè mọ́. Mo ti lò ó fún oṣù 3. Nǹkan oṣù mi, tí kì í yẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti wá ń pẹ́ kó tó dé. Ṣé kí n máa lò ó lọ? – Ìyàwó Ilé, Mushin.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a dúró lónìí, kí ẹ sì fi ìtọ̀ yín ṣe àyẹ̀wò oyún kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Àgbo ni wọ́n fi wo èmi náà dàgbà, nítorí náà n kò bá ewé àti egbò jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ fún abo eku ní omi kóró ìbẹ́pẹ, ohun tí wọ́n rí ni pé oyún kò dúró dáadáa, oyún àwọn mìíràn sì bàjẹ́ nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀. Ti orógbó náà sún mọ́ ọn: ó da àyípo tí ara abo eku fi ń múra sílẹ̀ de oyún rú, kò sì jẹ́ kí ẹyin jáde bó ṣe yẹ. Òótọ́ ni pé eku kì í ṣe ènìyàn, n kò sì ní torí rẹ̀ ní kí ẹ má fẹnu kan orógbó níbi ìkómọ, àmọ́ ohun tí a ń mu láràárọ̀ fún oṣù 3 ti kúrò ní ìtọ́wò. Ẹyin obìnrin kì í lò ju nǹkan bíi wákàtí 12 sí 24 lọ lẹ́yìn tó bá kúrò nílé ẹyin. Bí àsìkò rẹ̀ bá ti dàrú, oṣù yẹn lè lọ lásán.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi kóró làrà kún un, ẹ má gbà. Àwọn obìnrin kan ní agbègbè Jos ń lo kóró náà láti dènà oyún, májèlé tó wà nínú rẹ̀ sì lè pa ènìyàn.

Ní ti ilé ọmọ tó yẹ kó mọ́, ìdọ̀tí kọ́ ló sábà máa ń fa ìdádúró. Àìsàn àkóràn tí a kò tọ́jú lè dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ, kò sì sí kóró kankan tó ń là á. Nínú nǹkan bí ìdajì irú ọ̀ràn yìí, ọwọ́ ọkùnrin náà wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn mí pé obìnrin nìkan ni a máa ń fún ní ìyẹ̀fun mu.

Oṣù 12 ni àwọn oníṣègùn fi ṣe gbèdéke kí tọkọtaya tó wá àyẹ̀wò, ẹ sì ti kọjá rẹ̀. Ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà sí yín. Kí ẹ̀yin àti ọkọ yín jọ lọ, kí wọ́n yẹ àtọ̀ ọkọ yín wò pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ yín àti ọ̀nà ẹyin yín, kí ẹ sì mú ìyókù ìyẹ̀fun náà dání kí dókítà lè rí i. Ní ti ìyá, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín fúnra wọn ṣàlàyé fún wọn nílé.