Báwo ni họ́mọ̀nù angiotensin II ṣe ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀?

Angiotensin II ò ní láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì kó tó jíṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń kanlẹ̀kùn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ AT1, ohun kan tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì iṣan òpó ẹ̀jẹ̀ láti gbà á. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, nínú sẹ́ẹ̀lì lọ́hùn-ún, ìránṣẹ́ kékeré kan, IP3, á jáde, á lọ ṣí àpò tí kálíṣíọ̀mù wà. Kálíṣíọ̀mù yìí gan-an lọ̀gá iṣẹ́: òun àti calmodulin, purotéènì kan tó máa ń gbá kálíṣíọ̀mù mú, á jọ jí ẹ́ńsáímù MLCK, ìyẹn á fi fọ́sífétì sára myosin, purotéènì tó ń fa iṣan, iṣan á sì sún kì. Òpó há nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ á ru. Oògùn Losartan tí dókítà ń kọ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ojú AT1 yẹn ló ń lọ jókòó sí, kí họ́mọ̀nù má ráyè.