Ráútà Wa Ò Lè Gun Àtẹ̀gùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé alájà mẹ́ta ni ilé wa ní Bódìjà níbí. Èmi àti bàbá wọn là ń gbé ìsàlẹ̀, àbúrò ọkọ mi àti ìdílé rẹ̀ wà láàárín, àwọn ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì wà lókè pátápátá. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ní páálọ̀ mi ni ráútà tó ń fún wa ní wáífáì wà. Lọ́dọ̀ mi, ó ń sáré dáadáa. Láàárín, ó ń fà. Lókè, kò sí rárá. Orí àtẹ̀gùn làwọn ọmọ máa ń jókòó sí tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Ọmọ mi ọkùnrin ti rí ráútà kan tó ní ańtẹ́nà mẹ́jọ, ó ní òun ni oògùn ẹ̀. Owó ẹ̀ ò sì kéré. Ṣé kí n rà á? – Ìyá Kẹ́mi, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé o, mà. Ẹ má tíì fún ọmọ yín lówó.

Ańtẹ́nà mẹ́jọ kì í ṣe ìwo àgbò tí yóò fi kan dẹ́kìn lu. Dẹ́kìn méjì ló wà láàárín yín àti àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, kọnkéré tí wọ́n dà sórí irin rọ́ọ̀dù tí wọ́n so bí àwọ̀n. Ìgbì wáífáì tó bá kan irin, ẹ̀yìn ló ń padà sí. Èyí tó bá wọnú kọnkéré, ibẹ̀ ni agbára ẹ̀ ń tán sí. Ní Amẹ́ríkà, pákó ni wọ́n fi ń tẹ́ àjà ọ̀pọ̀ ilé. Nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́ sára páálí pé ráútà yìí kárí gbogbo ilé, ẹ máa rántí pé ilé tiwọn kọ́ nìyí.

Ká tiẹ̀ ní ráútà ńlá yẹn pariwo débi tí wọ́n fi gbọ́ ọ lókè, fóònù Kẹ́mi gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Fóònù ò ní ohùn tó tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé ráútà yẹn kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ gbé e sítòsí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, lórí nǹkan tó ga. Àwọn ọmọ yín ti ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí láìmọ̀: kò sí dẹ́kìn níbi tí àtẹ̀gùn gbà, ihò ni, òun ni ìgbì ń gbà gòkè. Tí ráútà yín bá ní ańtẹ́nà níta, ẹ dá ọ̀kan dùbúlẹ̀, torí èyí tó dúró ṣánṣán, ẹ̀gbẹ́ ló ń ju ìgbì sí jù. Ti àárín lè gbádùn látàrí èyí. Ti òkè, mi ò rò ó.

Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ ra repeater, kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó ń gba wáífáì ráútà tó sì ń tún un sọ síwájú. Mo ti jẹ̀bi ẹ̀ rí. Mo ra ọ̀kan fún ilé màmá mi, mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá òkè, ààmì wáífáì kún fóònù bámúbámú, fídíò ò sì ṣí. Òun fúnra ẹ̀ ò gbọ́ ráútà ìsàlẹ̀ dáadáa níbi tí mo fi í sí, kí ló fẹ́ tún sọ? Ìgbì kan náà ló tún fi ń gbọ́ tó fi ń sọ, ìdajì eré ti lọ nìyẹn. Màmá wo iná tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀, wọ́n ní, "Ó kúkú ń tan iná."

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rà ni mesh, àwọn ẹ̀rọ wáífáì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan, irú bíi Deco ti TP-Link, ẹyọ mẹ́ta, ọ̀kan fún àjà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wáífáì kan náà, páswọ́ọ̀dù kan náà. Ìran wáífáì tí wọ́n ń pè ní Wi-Fi 6 ti tó yín. Wi-Fi 7 ti dé ọjà, àmọ́ owó tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kún un, ẹ fi ra wáyà.

Wáyà yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Tẹ́ ẹ bá ní kí àwọn Deco máa fi afẹ́fẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀, dẹ́kìn kan náà ni wọ́n tún máa bá pàdé. Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Cat6 ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ fà á láti ìsàlẹ̀ lọ sí àárín, kẹ́ ẹ sì fa òmíràn lọ sókè. Ó lè rìn tó mítà 100. Ilé yín ò lè jẹ ìdajì ìyẹn. Tí ihò tí wáyà díṣì gbà wọlé bá ṣì wà, ẹ má lu ògiri tuntun. Tẹ́ ẹ bá dé ọjà, ẹ ní kí wọ́n gé ẹnu wáyà, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ ha irin tó wà nínú ẹ̀. Tó bá pọ́n títí dénú, bàbà gidi ni. Tó bá ń dán funfun lábẹ́, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ẹ dá a padà fún wọn bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Èyí tó bá máa gba ìta, kó jẹ́ oníke dúdú tí wọ́n ṣe fún oòrùn.

Ẹni tó bá bá yín tò ó, kó fi Deco sí "Access Point", ìyẹn ni pé kó kàn máa pín wáífáì nìkan, kí ráútà àtijọ́ lè máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ láìsí ìjà láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Tí ti ìsàlẹ̀ bá kú, gbogbo ilé ti kú nìyẹn. Ẹ so ó mọ́ ínfátà, tàbí kẹ́ ẹ ra UPS kékeré fún un, bátìrì tó ń gbé e ró tí iná bá lọ. Iye fóòtì (volt) tó wà lára ṣájà ráútà, irú ẹ̀ ni UPS náà gbọ́dọ̀ máa gbé jáde.

Ọmọ yín ọkùnrin ńkọ́? Ẹ bá mi kí i. Kẹ́ ẹ sì bi í bóyá ẹ̀rù àkàbà máa ń bà á, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gòkè lọ fa wáyà yẹn.