Sàfárì ìrọ̀lẹ́ ní Dùbáì: ẹ mọ ohun tó jẹ́ tiyín níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ètò o. Mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ̀yin àti Bàbá Ìbejì, àwọn ìbejì tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, àti Àlájà tó bí ọkọ yín, ń lọ sí Dùbáì lóṣù Kejìlá, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ dá gba sàfárì aṣálẹ̀ ti ìrọ̀lẹ́, ìyẹn fífi jíìpù gun òkìtì iyanrìn, èyí tó ní oúnjẹ alẹ́ àti ijó nínú, tàbí kí ẹ bá èrò lọ. Ẹ tún bèèrè bóyá Àlájà á lè bá yín dé ibẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Bàtà àti báàgì ni mò ń tà ní ọjà Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta, Dùbáì ni mo sì ti ń kó wọn. Mo ti mú oníbàárà, ará ilé, àti àlejò ọkọ mi dé inú iyanrìn yẹn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń polówó rẹ̀.

Ẹ dá a gbà. Ẹni márùn-ún ni yín, jíìpù Land Cruiser tí wọ́n sábà máa ń lò sì ń gba èrò mẹ́fà yàtọ̀ sí awakọ̀. Ẹni tó bá bá èrò lọ, orí ni wọ́n máa kà gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dá ọkọ̀ gbà, owó ọkọ̀ ni yóò san, ì báà jẹ́ ẹni méjì ló wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ mẹ́fà. Owó gọbọi nìyẹn fún tọkọtaya lásán. Fún ẹ̀yin márùn-ún, ẹ ṣírò ó wò, ẹ ó rí i pé kò jìnnà síra.

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ rè é. Nínú ọ̀pọ̀ ìpolówó tí wọ́n ti ń sọ pé tàdáni ni, ọkọ̀ nìkan ló jẹ́ tàdáni. Bí ìgbà tí ẹ gba dúrọ́ọ̀pù láti Pánṣẹ́kẹ́ lọ sí ọjà Kútọ̀ ni: ọkọ̀ ni ẹ gbà, ẹ ò gba ọjà. Tí ẹ bá dé ibùdó tí wọ́n ti ń jẹun, ẹ ó bá èrò rẹpẹtẹ níbẹ̀, ará Íńdíà, ará Rọ́ṣíà, ará Ṣáínà, àti àwọn ará Èkó tí wọn ò ní jẹ́ kí fóònù sinmi. Gbogbo yín lẹ ó jọ tò síwájú àwo ẹran kan náà. Kò burú o, àríyá gidi ni. Ẹni tó bá ti fi sọ́kàn pé òun àti ọkọ òun nìkan ni yóò jókòó sábẹ́ ìràwọ̀ ni yóò fajú ro.

Nítorí náà, ẹ bi wọ́n léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì dáhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé àwa nìkan la ni ọkọ̀? Ṣé tábìlì tiwa á wà nílẹ̀ kí a tó dé? Ṣé àwa nìkan la ni ibùdó? Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí ti ibùdó, ẹ yáa tètè bèèrè ẹni tó máa jó. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú kan èyí. Èrò tó kún ibùdó ńlá ló ń san owó oníjó. Ẹni tó dá ibùdó gbà, ìdákẹ́jẹ́ ló fi owó rà. Oníjó lè jẹ́ owó ọ̀tọ̀, ó sì lè má sí nínú ètò náà rárá.

Mo bá tọkọtaya kan láti Ìbàrà lọ, àjọ̀dún ìgbéyàwó wọn ni, àwọn fúnra wọn ló sì bá ilé iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ láti ilé. Ibùdó tiwọn nìkan ni wọ́n san owó rẹ̀, owó náà kì í ṣe kékeré. A débẹ̀, gbogbo nǹkan rí rèǹtè-rente: wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n tan fìtílà, alásè dúró ti iná, ẹran ń ta sánsán. A jẹun tán, a mu tíì, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ìyàwó wò ọ̀tún, ó wò òsì, ó ní, “Àwọn oníjó ńkọ́?” Kò sí oníjó. Ọkọ ló yọ fóònù, ó tan orin Fújì, àwa mẹ́rin la wá jó níbẹ̀, pẹ̀lú alásè. Inú ọkọ dùn. Ìyàwó ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi dé hòtẹ́ẹ̀lì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọdé méjì, ibùdó tàdáni kọ́ ni mo máa gbà yín níyànjú. Ẹ gba ọkọ̀ tiyín, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi tábìlì pamọ́ fún yín ní ibùdó ńlá, níwájú, níbi tí àwọn ọmọ á ti rí oníná, ẹni tó ń fi iná ṣeré, dáadáa. Ọkọ̀ tí ẹ dá gbà kò sọ pé ẹ ó rí ìjókòó tó dáa o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń jókòó síwájú, àyàfi tí ẹ bá ti san owó tábìlì mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ Àlájà wá kàn, òun gan-an ló mú kí n ní kí ẹ dá ọkọ̀ gbà, ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Tí ọkọ̀ bá dé etí iyanrìn, awakọ̀ á dúró, á tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀, láti nǹkan bí 35 wá sí nǹkan bí 15 lórí gééjì, kí táyà lè tẹ́ kó má baà rì. Lẹ́yìn náà ni yóò gun òkìtì iyanrìn, tí yóò tún fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ wálẹ̀, bíi ààbọ̀ wákàtí. Inú á yí, orí á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn ń dùn, àti ẹni tó ní àìsàn ọkàn. Orúnkún nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìṣòro nínú ọkọ̀. Ẹ bi dókítà wọn nípa ẹ̀yìn àti ẹ̀jẹ̀ ríru kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Tí kò bá rọgbọ, ọkọ̀ tiyín ni, ẹ lè ní kí awakọ̀ kọ́kọ́ gba ojú ọ̀nà tó tẹ́jú gbé wọn dé ibùdó, kí ẹ̀yin tó kù wá lọ ṣeré, tàbí kí ó rọra wà á. Inú ọkọ̀ tí ẹ bá bá èrò wọ̀, ta ni yóò gbọ́ tiyín? Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tó wà lẹ́yìn á máa pariwo pé kó tún sáré sí i. Àmọ́ ìgbà tí ẹ bá ń san owó dè é ni kí ẹ ti sọ ọ́, kì í ṣe ìgbà tí ọkọ̀ bá ti wọ iyanrìn.

Iyanrìn pupa tí ẹ ń rí nínú fídíò, apá Lahbab ló wà, lọ́nà tó lọ sí Hatta, ibẹ̀ ni eré sísá ọkọ̀ pọ̀ sí. Àwọn tó bá fẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ máa ń lọ sí Dubai Desert Conservation Reserve, ibi ìdáàbòbò ẹranko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003, tó fẹ̀ tó 225 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹ lè rí ẹtu aláwọ̀ funfun oníwo gígùn níbẹ̀, ọkọ̀ kò sì lè máa já káàkiri bó ṣe wù ú. Owó rẹ̀ ga ju ti Lahbab lọ.

Ìjókòó ló máa yọ Àlájà lẹ́nu jù, ẹnìkan kì í sì í sọ ọ́ fúnni. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó, ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí: kápẹ́ẹ̀tì, tìmùtìmù, tábìlì tí kò ga dé orúnkún. Ìyá tèmi jókòó tán, wọ́n jẹun tán, ó kù kí wọ́n dìde. Èmi àti ìránṣẹ́ kan la jọ fà wọ́n sókè. Láti ìgbà yẹn ni mo ti máa ń bèèrè àga ṣáájú, ibi tí mo ti bèèrè ni wọ́n sì ti gbé e wá fún mi. Ẹ bèèrè bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe jìnnà sí ìjókòó pẹ̀lú, torí inú iyanrìn ni ẹ ó rìn dé ibẹ̀. Bàtà tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí wọ́n wọ̀.

Ní ti ìdárayá, ràkúnmí á wà, yíyí kékeré ni, kì í ṣe ìrìn àjò. Ẹ sọ fún àwọn ìbejì pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń kọ́kọ́ dìde, kí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n sì di ohun ìdìmú mú gírígírí. Lààlì á wà, díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá ti gun apá ó di owó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó dúdú kirikiri sí àwọn ọmọ lára, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń kun irun dúdú ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn, ó sì lè bó awọ ara. Àwòrán pẹ̀lú àṣá, ṣíṣà, àti alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, owó ọ̀tọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Awakọ̀ á fẹ́ dúró níbi alùpùpù yẹn kí ẹ tó wọ iyanrìn, kí ẹ lè náwó níbẹ̀. Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ ní kó máa lọ.

Ní alẹ́, ọkùnrin kan á wọ yẹ̀rì ìpele-ìpele tó ń tan iná, á máa yí po láìjẹ́ pé òòyì kọ́ ọ. Tànúrà ni wọ́n ń pè é, Íjíbítì ló ti wá. Oníná á tẹ̀ lé e. Obìnrin tó ń mi ìdí náà á jáde, aṣọ rẹ̀ kò sì pọ̀ lára. Ẹ jẹ́ kí Àlájà mọ̀ ṣáájú. Ìyá tèmi fi ìborùn bo ojú nígbà tó jáde, ṣùgbọ́n ojú kan ṣì wà níta. Lásìkò ààwẹ̀ Ràmàdáánì, wọn kì í gbé ijó yẹn jáde, ẹni tó bá ń lọ nígbà yẹn kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ pọ̀, kò lata. Kọfí Lárúbáwá àti dàbínù ni wọn á fi kí yín káàbọ̀, lẹ́yìn náà ni adìyẹ àti àgùntàn sísun, ìrẹsì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, àti èyí tí wọ́n fi ẹ̀wà Lárúbáwá lọ̀ bí ọbẹ̀ gbẹgìrì tó ki. Láfún kò sí o. Ẹ gbé ata gígún sínú ìgò kékeré lọ láti ilé. Halal ni ẹran, kí ọkàn Àlájà balẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí àwọn ọmọ jẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ọkọ̀ ni wọ́n á bì í sí.

Aago Dùbáì fi wákàtí mẹ́ta ṣáájú tiwa. Lóṣù Kejìlá, oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, torí náà ọkọ̀ tó bá wá gbé yín lẹ́yìn aago mẹ́ta ààbọ̀ ti pẹ́. Orí títì ni oòrùn máa wọ̀ bá yín. Ẹ ó padà dé hòtẹ́ẹ̀lì ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ mú súwẹ́tà dání. Tí iyanrìn bá ti tutù tán lóru, ọyẹ́ Abẹ́òkúta kò tó o.

Ó wá ku owó. Iye dírhámù, owó tí wọ́n ń ná ní Dùbáì, sí dọ́là kì í yí padà, dírhámù 3.6725 ni dọ́là kan láti 1997, torí náà dọ́là 100 jẹ́ dírhámù 367. Bí aṣojú kan ní Nàìjíríà bá pe owó ní náírà fún yín, ẹ bèèrè iye rẹ̀ ní dírhámù, kí ẹ fi wé iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ ní Sábó, ẹ ó rí èrè orí tó gbé lé e. Ẹ bèèrè bóyá owó orí ọjà, ìdá 5 nínú 100, wà nínú rẹ̀. Ẹ má fún àwọn tó ń pín ìwé ìpolówó ní Deira, àdúgbò ọjà kan ní Dùbáì, lówó lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn rán jíìpù wá gbé wa, èrò méjì tí a ò mọ̀ rí ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ṣebí àyè ṣì wà. Mo ṣí WhatsApp, mo fi ibi tó ti kọ ọ́ pé ọkọ̀ àwa nìkan ni hàn awakọ̀, mo ní a ò wọ̀ ọ́, a ò sì ní san ìyókù. Ó fẹjú, ó bínú, ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn dé, àmọ́ oòrùn ti wọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ Dubai Department of Economy and Tourism ni kí ẹ bá lò, ẹ san àsansílẹ̀ díẹ̀, kí ìyókù di ìgbà tí ọkọ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì. Iye èèyàn, àga Àlájà, tábìlì iwájú, aago, iye owó, kí gbogbo rẹ̀ wà ní kíkọ.

Tí wọ́n bá ti fèsì fún yín, ẹ fi ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ ká jọ kà á. Tí mo bá wà lọ́jà lọ́sàn-án n kì í tètè rí fóònù, àmọ́ tó bá di alẹ́ mo máa dá yín lóhùn.