Èsì àyẹ̀wò ní "a kò rí i": ṣé àbúrò mi lè dá oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ dúró?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó di ọdún mẹ́rin báyìí tí wọ́n ti sọ fún àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 36, pé ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CML. Láti ìgbà náà ni ó ti ń lo imatinib 400 mg lójoojúmọ́. Ara rẹ̀ ti yá, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, èsì àyẹ̀wò tí ó gbà lóṣù tó kọjá sì sọ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé "Not detected". Màmá wa ní kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ó sì pa oògùn tì, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n bí àwọ̀ ẹni tí ó ń bóra, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì máa ń wú láràárọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ ń bẹ̀rù pé àwọn ọmọ lè jogún àrùn náà. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín, ẹ sì kú oríire èsì yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí kò gbọdọ̀ pẹ́: kí ó má ṣe dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀. Ọjọ́ lè dé tí òun àti dókítà rẹ̀ yóò jọ jókòó sọ ọ̀rọ̀ dídá a dúró, n óò sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n "a kò rí i" àti "kò sí mọ́" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Kí ìyàtọ̀ àárín wọn tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó bàjẹ́ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni kírómósómù 46 wà, àwọn ni wọ́n ru jíìnì, ìyẹn àwọn àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé. Ní ọdún 1960, Peter Nowell àti David Hungerford, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, kíyè sí i pé kírómósómù kan kúrú ju bí ó ti yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n ní irú àìsàn àbúrò yín, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi orúkọ ìlú yẹn pe kírómósómù náà títí di òní. Ó di ọdún 1973 kí Janet Rowley ní Chicago tó fi hàn pé èyí tí ó gé kò sọnù: kírómósómù kẹsàn-án àti ìkejìlélógún ni wọ́n gé, tí ègé ọ̀kan sì lọ lẹ̀ mọ́ èkejì. Níbi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra yìí ni jíìnì méjì tí kò bá ara wọn tan, BCR àti ABL1, ti di ẹyọ kan ṣoṣo. Nígbà tí ABL1 ń dá gbé, ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá wà, ó sì ń sinmi nígbà tí kò bá sí. BCR-ABL1 kì í sinmi. Ó dà bí ẹ̀rọ omi tí ọwọ́ rẹ̀ kán nígbà tí ó wà ní ṣíṣí, tí omi ń ya gbàrà tọ̀sán-tòru: mùdùnmúdùn inú egungun yóò máa pèsè sẹ́ẹ̀lì funfun láìdábọ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò kún fún wọn, ọlọ inú tí ó wà lábẹ́ ìhà òsì yóò wú títí tí òkèlè mẹ́ta yóò fi máa yó ènìyàn. Bóyá àbúrò yín náà ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò; bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí.

Èyí náà ni ìdáhùn sí ìbẹ̀rù ìyàwó rẹ̀. Ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú mùdùnmúdùn egungun ni àṣìṣe yìí ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti bí i sáyé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ti ara rẹ̀ jáde nìkan ni wọ́n sì ru ú. Kò bá a láti ilé baba rẹ̀, kò sí nínú àtọ̀ rẹ̀, kì í sì í ràn. Kí obìnrin náà fọkàn balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin ni ó ń lo oògùn náà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, nítorí pé imatinib lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó lóyún.

Nítorí pé ohun kan ṣoṣo ni ó ń da CML rú ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe láti dojú ìjà kọ ohun kan náà. Purotéènì tí BCR-ABL1 ń mú jáde ní ihò kan lára tí ó fi ń gba agbára tí ó ń lò. Imatinib a lọ jókòó sínú ihò yẹn, bí ìgbà tí ènìyàn fi èérún igi dí ojú kọ́kọ́rọ́, àṣẹ burúkú náà kò sì ní lè jáde mọ́. Nicholas Lydon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Ciba-Geigy ní Switzerland ni wọ́n ṣe é. Brian Druker ní Oregon ni ó tẹnpẹlẹ mọ́ ọn títí wọ́n fi fún aláìsàn àkọ́kọ́ lò ní oṣù kẹfà ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù karùn-ún ọdún 2001. Nínú ìwádìí ńlá kan tí ó gba ènìyàn 1,106, wọ́n tẹ̀ lé àwọn tí ó fi imatinib bẹ̀rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mọ́kànlá, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé 83.3 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Àwọn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ṣáájú wa mọ ohun tí iye yẹn túmọ̀ sí, nítorí pé àwọn aláìsàn tí wọ́n tọ́jú láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ wọn kì í ju ọdún bíi mélòó kan lọ. Ní Sweden, wọ́n ti fi ìwé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn hàn ní ọdún 2016 pé iye ọdún tí ẹni tí ó ní CML lè retí láti lò láyé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹni tí kò ní in dọ́gba.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ti òyìnbó nìyẹn. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń fún àwọn tí ó ní CML ní imatinib lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, lábẹ́ ètò tí ilé-iṣẹ́ Novartis àti The Max Foundation jọ ṣe, tí àwọn ènìyàn sì ń ti ìpínlẹ̀ tí ó jìnnà réré wọ mọ́tò wá gbà á. Ohun tí ó yàtọ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé ọjọ́ orí àwọn tí a ń rí kéré sí ti àwọn ará Yúróòpù. Ẹni tí ó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, bí àbúrò yín, kò ṣàjèjì rárá, ọdún tí irú wọn yóò sì fi bá oògùn yìí rìn pọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra níbì kan. Mo ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ lórí WhatsApp tí ó ní oògùn oníhóró ti dé fún "jẹjẹrẹ". Jẹjẹrẹ kì í ṣe àrùn kan. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan wà tí jíìnì EGFR ń dà rú, ó sì ní oògùn tirẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kókó inú ẹ̀dọ̀fóró sábà máa ń ní àṣìṣe jíìnì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí oògùn kò bá bá wí a sì máa gba ẹ̀yìn yọ láàárín ọdún bíi mélòó kan. Ohun tí CML ṣe fún àbúrò yín kì í ṣe ìlérí fún aládùúgbò rẹ̀ tí ó ní òmíràn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé èsì. Ẹ yọ ọ́ jáde, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ BCR-ABL1 sí, tí lẹ́tà IS wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iye ibẹ̀ ń sọ bí jíìnì burúkú náà ti pọ̀ tó ní ìfiwéra pẹ̀lú òṣùwọ̀n kan tí gbogbo ayé jọ ń lò, tí 100% jẹ́ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. A máa ń fẹ́ kí ó wá sí 10% tàbí kí ó kéré sí i ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Nígbà tí ó bá fi máa di ọdún kan, à ń retí 0.1%, ìyẹn ni pé ó ti dín kù ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè ní tó tírílíọ̀nù kan sẹ́ẹ̀lì burúkú lára. Bí oògùn bá dín wọn kù ní ìlọ́po 100,000, tí ẹ̀rọ kò sì rí nǹkan kan mọ́, mílíọ̀nù mẹ́wàá ṣì lè wà níbẹ̀. Ẹ wo àpò ìrẹsì Ọ̀fadà: bí ẹ bu kóńgò kan, tí ẹ ṣà á títí tí ẹ kò rí òkúta kan ṣoṣo, inú yín yóò dùn, ṣùgbọ́n ẹ kò ní torí ìyẹn búra pé kò sí òkúta nínú àpò. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kékeré kan ni ilé àyẹ̀wò bù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ṣẹ̀ kan sì wà nínú egungun tí wọ́n ń sùn, tí imatinib kì í pa.

Àwọn kan wà tí wọ́n dá a dúró tí àrùn kò sì padà. Ní Faransé, wọ́n ṣe ìwádìí lára ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ẹ̀rọ kò rí àrùn lára wọn fún ó kéré tán ọdún méjì gbáko kí wọ́n tó dáwọ́ oògùn dúró, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2010: nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn kò padà sí lára. Àwọn tí ó padà sí lára, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ó padà sí ọ̀pọ̀ wọn, nígbà tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ oògùn, oògùn náà tún ṣiṣẹ́ fún wọn. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa wò ó lójú. Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé báyìí ni pé kí ènìyàn ti lo oògùn fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, kí èsì rẹ̀ sì ti wà nísàlẹ̀ 0.01% fún ọdún méjì láìyẹ̀, kí ó sì lè ṣe àyẹ̀wò lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní oṣù méjì-méjì títí ọdún yóò fi pé, kí ó tó wá di oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ọdún mẹ́rin ni àbúrò yín ti lò, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n oṣù tó kọjá ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ sọ pé kò rí i. Àkókò kò tíì tó. Lójú tèmi, ẹni tí kò ní ọ̀nà láti máa ṣe àyẹ̀wò lóṣooṣù kò tíì ní ọ̀nà láti dá oògùn dúró, bí ó ti wù kí èsì rẹ̀ dára tó.

Èmi kò bẹ̀rù dídá oògùn dúró tó bí mo ṣe ń bẹ̀rù fífo ọjọ́, nítorí pé ẹni tí ó ń fo ọjọ́ kì í sọ. Ní ilé ìwòsàn Hammersmith ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fún ènìyàn 87 ní ìgò oògùn tí ẹ̀rọ kékeré wà nínú ìdérí rẹ̀, tí ó ń ka iye ìgbà tí wọ́n bá ṣí i fún oṣù mẹ́ta. Láàárín àwọn tí ó lo ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn wọn lọ, 94.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ṣírò pé yóò dé 0.1% láàárín ọdún mẹ́fà. Láàárín àwọn tí kò tó bẹ́ẹ̀, 28.4 péré ni. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kò ju hóró mẹ́ta lọ lóṣù.

Bí iye náà bá ń gòkè, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà yóò bi í ni bóyá ó ń fo ọjọ́. Bí kò bá fò, a ó yẹ jíìnì náà fúnra rẹ̀ wò, nítorí pé ó lè tún yí padà. Ìyípadà kan tí à ń pè ní T315I máa ń yí ojú ihò yẹn padà tí imatinib kò fi ní ríbi jókòó, dasatinib àti nilotinib, tí àwọn náà jẹ́ oògùn CML, kò sì ní rí i. Ponatinib àti asciminib ni ó ń ká a. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a kàn máa fi iye oògùn kún un láìmọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ní ti àwọ̀ rẹ̀: imatinib kì í dí BCR-ABL1 nìkan, ó tún ń dí purotéènì kan tí ń jẹ́ KIT, èyí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń fún wa ní dúdú ara nílò. A sábà máa ń rí àwọ̀ pípọ́n yìí lára àwọn aláwọ̀ dúdú, kò sì léwu fún ẹ̀mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ojú a máa ti àwọn ọkùnrin mìíràn nígbà tí ọ̀rẹ́ bá bi wọ́n pé irú ìpara wo ni wọ́n ń lò. Kí ó yẹra fún oòrùn gangan. Ìpéǹpéjú tí ń wú láàárọ̀ náà wọ́pọ̀. Ó máa ń rọlẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ, dídín iyọ̀ kù sì lè ràn án lọ́wọ́. Bí ẹsẹ̀ bá wú, tí mímí ṣòro, tàbí tí ó ń wúwo sí i ní kíákíá, kí ó lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Kí ó máa fi oúnjẹ àti ife omi ńlá kan lo oògùn rẹ̀, èébì kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbé e.

Ẹ tún bá mi bi í léèrè ohun mìíràn tí ó ń lò. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife, àti carbamazepine àti phenytoin tí wọ́n fi ń wo wárápá, máa ń lé imatinib kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́. Ketoconazole tí wọ́n fi ń wo làpálàpá àti irú rẹ̀, àti clarithromycin tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn, máa ń mú kí ó pọ̀ jù. Ní ti àgbo, aláìsàn kì í sábà sọ ọ́ fún wa, àwa náà kì í sì í bi wọ́n pẹ̀lú ohùn tí ó lè mú wọn sọ ọ́. Kí ó gbé ìgò rẹ̀ wá bí ó bá ń mu ún.

Nígbà tí ó bá tún ń lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó kó gbogbo èsì rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dání, kí ó tò wọ́n láti orí ti àtijọ́ dé orí tuntun, kí ó sì bi dókítà rẹ̀ pé ìgbà wo ni iye rẹ̀ kọ́kọ́ wá sísàlẹ̀ 0.01%, àti ilé àyẹ̀wò tí ó lè máa ṣe é lóṣooṣù bí ọjọ́ náà bá dé. Kí màmá yín bá a lọ. Kí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ ọdún mẹ́rin sẹ́yìn dání, kí wọ́n fi àwọ̀ ìgbà náà han dókítà, kí wọ́n sì fi etí ara wọn gbọ́ ìdí tí ó fi yí padà.