Ẹkún Ìrọ̀lẹ́, Afẹ́fẹ́ Inú àti Àìsùn Òru: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ 5. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, ẹkún dé nìyẹn: á ká ẹsẹ̀ mọ́ ikùn, ojú á pọ́n, inú á le, á sì máa só. Ọmú ni mò ń fún un, àmọ́ a máa ń fi wàrà agolo kún un lálẹ́. Mo ti fún un ní gripe water, kò yí nǹkan kan padà. Bó bá sì sùn, bí mo bá ti gbé e sílẹ̀ ló ń jí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? — *Ìyá Ìkókó*

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọwọ́ lómi, ìyá wa. Ẹkún ọmọ tuntun a máa pọ̀ sí i láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2, á le jù ní bí ọ̀sẹ̀ 6, á wá máa rọlẹ̀ títí di oṣù 3 sí 4. Ọmọ yín ti sún mọ́ ibi tó le jù. Bí ọmọ tára rẹ̀ dá, tó ń jẹun, tó ń sanra, bá ń ké ju wákàtí 3 lọ lójúmọ́, fún ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀ ó kéré tán, kólíìkì ni àwọn dókítà ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun kan: kì í ṣe gbogbo ìgbà ni afẹ́fẹ́ ń fa ẹkún. Ẹkún gan-an ló sábà máa ń kó afẹ́fẹ́ wọlé, torí ọmọ tó ń ké ń gbé e mì. Lẹ́yìn wákàtí kan, inú á wú, ìsó á bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa rò pé ìsó ló ń dà á láàmú látilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oògùn kì í fi í ràn án. Nígbà tí wọ́n fi simethicone, oògùn afẹ́fẹ́ inú, wé oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, kò sàn jù ú lọ fún kólíìkì. Gripe water náà, kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ dá a dúró. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò nílò omi tàbí ohunkóhun yàtọ̀ sí wàrà, àfi ohun tí dókítà bá ní kí ẹ fún un.

Ìgbà tó bá ń jẹun ni kí ẹ ti dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ kí imú rẹ̀ dojú kọ orí ọmú, kó ya ẹnu gbàgà, kí ẹ wá fà á mọ́ra. Ẹ má ṣe tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá gbá a mú dáadáa, àgbọ̀n rẹ̀ á kan ọmú, ètè ìsàlẹ̀ á yí síta, ibi dúdú tó yí orí ọmú ká á sì hàn lókè ètè ju ìsàlẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń gbọ́ “tà, tà” lẹ́nu rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé nìyẹn. Ẹ ki ìka tó mọ́ bọ igun ẹnu rẹ̀ kó tú ọmú sílẹ̀, kí ẹ tún un gbé.

Ní ti fídà, ẹ má gbọ̀n ọ́n títí wàrà á fi hó bí ọṣẹ. Bó bá ti hó, ẹ gbé e kalẹ̀ díẹ̀ kí híhó náà lọ sílẹ̀. Ẹ gbé ọmọ jókòó díẹ̀, kí fídà fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀, àmọ́ kí wàrà kún inú rọ́bà ẹnu rẹ̀. Ẹ dojú fídà dé wò: kó máa kán, nǹkan bí ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá ń ṣàn, ọmọ á máa gbé e mì gbì-gbì pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Bí ihò náà bá kéré jù, á fà á títí rọ́bà á fi lẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ náà ni yóò sì máa gbé mì.

Ẹ má dúró dìgbà tó bá ké kí ẹ tó fún un lóúnjẹ. Bó bá ti ń fọwọ́ sẹ́nu, tó ń yí orí kiri, ebi ti ń pa á.

Ẹ dá oúnjẹ dúró kó gùnfẹ̀ kó tó bọ́ sí ọmú kejì, tàbí bó bá ti mu bíi 60 ml nínú fídà. Ẹ gbé e jókòó sórí itan, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ọwọ́ yín gbé egungun àgbọ̀n rẹ̀ ró láìfún ọ̀fun. Ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ nà. Bó bá ká kò, ikùn á fún pọ̀, afẹ́fẹ́ kò ní rọ́nà gòkè. Ẹ máa fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 sí 3. Bí kò bá gùnfẹ̀, ẹ gbé e lé èjìká díẹ̀. Bó bá kọ̀ síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀; nígbà míì, kò sí afẹ́fẹ́ kankan níbẹ̀.

Èyí tó ti lọ sí ìfun ńkọ́? Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ẹ̀yìn, ẹ ká orúnkún rẹ̀ méjèèjì mọ́ ikùn jẹ́jẹ́, ẹ kà á dé 10, ẹ tú u. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wa kẹ̀kẹ́. Ẹ fi ọwọ́ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ pa ikùn rẹ̀ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, torí bẹ́ẹ̀ náà ni ìfun ńlá ṣe lọ. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn oúnjẹ lójú ẹsẹ̀, á bì í.

Bó bá ń kùn, tó ń fi agbára rin ara rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10, tí ìgbẹ́ tó jáde sì rọ̀, kì í ṣe àìrígbẹ́yà. Kò tíì mọ bí a ṣe ń tú ìdí sílẹ̀ nígbà tí a bá ń rin ni. Ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ nídìí.

Ní ti oorun, ọmọ ọjọ́ orí yìí kò tíì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo ilé wà níbẹ̀. Lóru, iná bàìbàì, ọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ má pààrọ̀ ìlédìí àfi bó bá yàgbẹ́ tàbí tó tutù rinrin. Tó bá sùn lápá, ẹ dúró títí ọwọ́ rẹ̀ á fi rọ̀ kí ẹ tó gbé e sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kan ibùsùn, orí kó kẹ́yìn. Bó bá sì kùn tàbí tó ta ẹsẹ̀ lójú oorun, ẹ dúró díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í tíì jí, àwa la máa ń jí i.

Àmọ́ ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà bí ara rẹ̀ bá gbóná tó 38°C, bó bá ń bì èébì aláwọ̀ ewé, bí èébì bá ń ta jáde pẹ̀lú agbára lẹ́yìn oúnjẹ, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ìlédìí tútù kò bá tó 6 lójúmọ́, tàbí bí ó ṣòro láti jí.

ÌBÉÈRÈ: Ó ti rẹ èmi àti ìyàwó mi. Orí sófà la máa ń sùn lọ pẹ̀lú ọmọ láyà. Ó dà bíi pé ó tún ń sùn dáadáa bí a bá da ikùn rẹ̀ délẹ̀. Ṣé kò séwu? — *Bàbá Ọmọ*

ÌDÁHÙN: Ewu ńlá wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Sófà léwu ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ, torí ọmọ lè há sáàárín yín àti ìrọ̀rí, kí èémí rẹ̀ dí. Ẹ̀yìn ni kí ọmọ fi lélẹ̀ sùn, lọ́sàn-án àti lóru, lórí ibùsùn tó le tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, láìsí ìrọ̀rí tàbí aṣọ fífẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dídojú délẹ̀ wà fún ìgbà tó bá lajú, tí ẹ sì ń wò ó.

Ẹ pín òru: kí ẹnì kan sùn láti aago 9 títí di aago 2, kí ẹnì kejì gba ìyókù. Ẹni tí ìtọ́jú ọmọ kò bá kàn kó sùn sí yàrá mìíràn bó bá ṣeé ṣe. Bí ìyá bá ń fún ọmọ lọ́mú, kí bàbá gba gígùnfẹ̀, ìlédìí àti rírẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Bí ẹkún náà bá sì sún yín dé bèbè ìbínú, ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ lórí ẹ̀yìn nínú ibùsùn rẹ̀, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ lọ dúró níta fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ẹkún ìṣẹ́jú 10 kò ní pa á lára. Ẹ má gbọ̀n ọ́n láé: ọrùn rẹ̀ kò tíì lágbára, ọpọlọ rẹ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ pe ẹnì kan kó wá gbà á lọ́wọ́ yín.