Èsì: Kí ló dé tí Randolph fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìran Jefferson?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọkọ tí Martha, ọmọ Thomas Jefferson, ààrẹ kẹta ní Amẹ́ríkà, fẹ́ lọ́dún 1790 ń jẹ́ Randolph, Randolph náà sì ni ìyá tó bí Jefferson ń jẹ́, bóyá àṣìkọ ni. Rárá o, ẹbí ni Martha àti ọkọ rẹ̀.

William Randolph àti ìyàwó rẹ̀, Mary Isham, ti oko Turkey Island ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà ni orísun wọn. Ẹ mú méjì nínú ọmọ wọn, Isham àti Thomas. Isham bí Jane, Jane bí Jefferson, Jefferson bí Martha. Thomas bí William, William bí Thomas Mann, òun ló bí ọkọ Martha, tí wọ́n tún sọ ní Thomas Mann! Ọmọ ọmọ Thomas àkọ́kọ́ yẹn, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n Isham, ló bí John Marshall, tó jẹ́ adájọ́ àgbà Amẹ́ríkà nígbà kan.

Ìdí tí wọ́n fi ń fẹ́ ara wọn nínú ẹbí ni pé wọn ò fẹ́ kí ilẹ̀ tábà àti ẹrú bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Ó dùn mí gan-an pé orúkọ kan ṣoṣo, láìsí ti bàbá, ni ọ̀pọ̀ àwọn ẹrú náà ní nínú ìwé ìpíngún.

Kí orúkọ má baà dàrú mọ́ yín lójú tí ẹ bá ń kọ ìran wọn, ẹ máa kọ orúkọ oko mọ́ tèèyàn, bí Isham ti Dungeness, Thomas ti Tuckahoe, kí ẹ sì kọ orúkọ tí obìnrin ń jẹ́ kó tó lọ́kọ.